Ìbátan Epìyà Láti Odò Amazon: Ìwé Wo Ni Kí A Kà Kí A Tó Sìn Ín?

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ sin ẹja tí òun kò ní jẹ, tí òun kò sì ní tà fún ẹni tí yóò sè é, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ará Òṣogbo kọ́ ló yẹ kó béèrè bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìlú náà ni pé nígbà tí Ọba Láróòyè rúbọ sí Ọ̀ṣun, ẹja ńlá kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ odò fò jáde, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti ṣẹ̀. A kì í pẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun, a kì í sì í dọdẹ níbẹ̀. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀. Ẹja tí a kàn ń wò, tí a kò gbọdọ̀ gbé kaná, kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa.

Ẹ kọjá sí Iléṣà, omi náà ni ẹ ó tún bá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní nígbà tí ojú Odùduwà kò ríran mọ́, omi òkun ni wọ́n sọ pé yóò là á. Ajíbógun ló rìnrìn àjò náà tó sì bu omi ọ̀hún wálé. Àwọn Ọwá Obòkun Àdìmúlà tó ń jọba ní Iléṣà títí dòní, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ fiyè sí i pé wọn kò ní kó pọn omi kànga wá, wọn kò sì ní kó gbe òjò. Omi òkun ni wọ́n dárúkọ, omi mìíràn kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, omi tó ń mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di omi ẹrẹ̀, àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń lọ sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹni tó bá ti dúró létí odò yẹn láìpẹ́ yìí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé inú omi kan náà ni ẹja ti ń jẹun, tó ti ń mí, tó ti ń ṣu, tó sì ti ń sùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìwé kò ju ìyẹn lọ. Ìwé tó ní òun fẹ́ kọ́ni bí a ṣe ń sin ẹja discus, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ omi lọ, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Kí wá ni discus? Ìbátan epìyà ni. Epìyà tí ẹ ń rà ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo tàbí ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, inú ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kà á sí pẹ̀lú discus. Cichlidae ni wọ́n ń pe ìdílé ọ̀hún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri odò Áfíríkà, ní Madagascar, ní Íńdíà, àti láti Amẹ́ríkà Àárín lọ dé Amẹ́ríkà Gúúsù. Èyí tó wà ní Amazon yìí rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, nígbà mìíràn ó ń lọ sí 20. Ìlà dúdú máa ń wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rù bá bà á, ìlà náà á dúdú kirikiri. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn máa ń wo ìlà yẹn láràárọ̀ kó tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má sì rò pé láti òkèèrè nìkan ni ẹja ẹ̀ṣọ́ ti ń wá. Ẹja kékeré kan wà tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Pelvicachromis pulcher, Boulenger ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1901. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni ilé rẹ̀, ìbátan epìyà ni òun náà. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n yòò nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Wọ́n ń sìn ín ní Jámánì, wọ́n ń sìn ín ní Japan àti Amẹ́ríkà, àwọn ìwé wọn sì kún fún ìwà rẹ̀, bí ó ṣe ń yan ihò tó fẹ́ yé ẹyin sí àti bí takọtabo ṣe ń kó ọmọ kiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé nítòsí odò rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà rárá. Ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ ló ni ìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé discus. Ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn sínú Amazon ni Rio Negro. Omi rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀; ewé àti igi igbó tó ń jẹrà sínú rẹ̀ ló pa á láró. Èròjà òkúta inú omi náà kéré jọjọ, omi náà sì kan, débi pé pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 4 sí 5. Ní ìlú Manaus, odò náà máa ń ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá láàrin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òjò. Nígbà tó bá kún, ẹja á wọ inú igbó lọ máa jẹ̀ láàrin igi. Nígbà tó bá fà, discus á kó ara wọn jọ sábẹ́ àwọn ẹ̀ka igi tó wó sínú omi. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń sìn ín nílé máa ń jẹ́ kí omi wà láàrin 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Létí odò yìí kan náà ni ìlú Barcelos wà ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n sì ń ṣe ọdún ẹja níbẹ̀. Ìlú á pín sí apá méjì: apá kan á máa gbé ẹja wínníwínní tó pọ́n tí wọ́n ń pè ní cardinal lárugẹ, apá kejì á wà lẹ́yìn discus, wọ́n á máa fi ijó, orin àti aṣọ ìwúrí bá ara wọn díje. Ará Òṣogbo tó bá débẹ̀ kò ní ṣe àjèjì púpọ̀. Àbí kì í ṣe Brazil yẹn náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n gbé Ọ̀ṣun dání, tí wọ́n ṣì ń bọ ọ́ ní Bahia títí di òní?

Ohun tó jọ mí lójú jù lára discus kì í ṣe àwọ̀. Takọtabo rẹ̀ á wá ibi tó tẹ́ tó sì dúró ṣánṣán, ewé ni o, igi ni o, ògiri gíláàsì ni o, wọ́n á fi ẹnu nù ún títí yóò fi mọ́, abo á yé ẹyin sí i, akọ á tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ bá pa, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá ti lè lúwẹ̀ẹ́, ara ìyá àti bàbá wọn ni wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́. Ara òbí á ti sun omi kan tó yọ̀, tó nípọn, ìyẹn ni àwọn ọmọ á máa já jẹ. Bí ó bá rẹ ìyá, á gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ọmọ á ya bo bàbá. Ní 2010, Jonathan Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Journal of Experimental Biology. Wọ́n rí i pé èròjà inú omi ara yẹn máa ń yí padà nígbà tí ẹyin bá ti wà nílẹ̀, àti pé àwọn òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n lè já wọn lẹ́nu ọmú. Ọ̀pọ̀ epìyà wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹnu gbé ẹyin, àwọn kan ń ṣọ́ ọ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ara wọn bọ́ ọmọ.

Òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ tó kọ nǹkan nípa ẹja yìí nínú sáyẹ́ǹsì kò rí i kó lúwẹ̀ẹ́. Johann Jakob Heckel ni, ó jókòó sí Vienna ní Austria, ilẹ̀ òkèèrè kan náà tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà tiwa, ti wá. Johann Natterer ló kó òkú ẹja náà wálé láti Brazil. Ní 1840 Heckel sọ ọ́ ní Symphysodon discus. Pellegrin fi irú mìíràn kún un ní 1904. Ní 1960 Leonard Schultz tún pín in sí abẹ́ orúkọ mìíràn. Ní 2006 àti 2007, àwọn tó ń fi ìran inú ẹ̀jẹ̀ ṣèwádìí dé, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ tò lákọ̀tun. Ìjà orúkọ yẹn kò tíì tán. Kò kan ẹni tó ń sin ẹja nínú pálọ̀. Ohun tó kàn án ni pé ìwé tó ti pẹ́ yóò lo orúkọ àtijọ́, kí ẹ má torí ìyẹn sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ omi inú rẹ̀ lè pé ju ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ lánàá lọ.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni kí ẹ ṣí ìwé sí. Ẹ fo àwòrán. Ẹ wò ó bóyá òǹkọ̀wé ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbẹ́ ẹja: ó ń di amóníà, májèlé ni amóníà; àwọn kòkòrò àìfojúrí kan á sọ ọ́ di nitrite, májèlé ni ìyẹn náà; àwọn kòkòrò mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà díẹ̀ kí a tó pààrọ̀ omi. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dàgbà lóòjọ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú àpótí gíláàsì tuntun. Ìwé tó bá ní kí ẹ da omi sí i lónìí, kí ẹ kó ẹja sí i lọ́la, ẹ má náwó lé e. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé ní Òṣogbo àti Iléṣà mọ òórùn tó máa ń jáde nígbà tí omi pọ́ńdù bá ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́. Discus kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí òǹkọ̀wé ń gbé. Bí ó bá jẹ́ Jámánì, ẹ óò rí ojú ewé rẹpẹtẹ lórí ẹ̀rọ tó ń yọ èròjà òkúta kúrò nínú omi, torí omi ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ìlú wọn le. Òun kò ní mọ̀ pé páànù ilé wa ń gbe òjò láti March títí di October, àti pé omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èròjà òkúta kankan nínú. Ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá ra ẹ̀rọ fún nìyẹn, tó ń kún dúrọ́ọ̀mù wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà sọ ìyókù fún yín: òjò àkọ́rọ̀ ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù ni, kì í ṣe omi ẹja, omi òjò nìkan kì í dúró lójú kan, pH rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, nítorí náà wọ́n máa ń fi omi kànga tí wọ́n ti yẹ̀ wò là á. Ìwé tó bá ṣàlàyé ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún yín ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo bí ó ṣe wúlò ní Berlin. Èyí tó kàn to nọ́ńbà sílẹ̀ láìsọ ìdí, kò lè rìn jìnnà.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé òkèèrè ló gbà pé ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìdúró, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ orúkọ NEPA rí. Wọn kò gbọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ wo atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé: ṣé wọ́n sọ ohun tí ẹ ó ṣe nígbà tí iná bá lọ? Ó ṣe pàtàkì fún discus ju ẹja mìíràn lọ, nítorí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Lítà omi kan tó wà ní ìwọ̀n 20 lè gbé bíi mílígíráàmù 9 afẹ́fẹ́ oxygen. Ní ìwọ̀n 30, kò ju bíi 7.5 lọ. Ẹ̀rọ asẹ́mi tí wọ́n dé pa tún burú jù bí iná bá pẹ́ kó tó dé, torí àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ á kú, ẹ̀rọ náà á sì tú omi òkú wọn sínú àpótí nígbà tí iná bá dé. Fóòmù lásán tí a so mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré, èyí tó lè lo bátìrì tàbí oòrùn, ló bá wa mu. Àwọn tó ń sin discus fún ọmọ bíbí nílẹ̀ òkèèrè náà ń lo fóòmù yìí, nítorí pé kì í fa ọmọ ẹja mì. Ẹ tún rántí ọyẹ́. Ní December àti January, pàápàá ní apá Iléṣà tí òkè pọ̀ sí, òru lè tutù débi tí omi àpótí á fi lọ sílẹ̀ ju ohun tí discus ń fẹ́ lọ. Ìwé tí wọ́n kọ ní Thailand tàbí Singapore, níbi tí òtútù kò sí, lè má fi bẹ́ẹ̀ ka hítà sí. Ti Jámánì kà á sí jù. Àárín àwọn méjèèjì la wà.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń pa ẹja púpọ̀: òṣùwọ̀n. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi lítà 3.8, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ bíi lítà 4.5. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200, gálọ́ọ̀nù 53 ni lójú ará Amẹ́ríkà, 44 ni lójú ará Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwé London bá ní kí ẹ fi oògùn kan sí gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá, tí ẹ wá fi ti Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, oògùn á fi bí ìdá kan nínú márùn-ún lé ní bó ṣe yẹ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 la fi ń pọnmi níbí. Ìwé tó bá fi lítà ṣírò yóò dín ìyọnu kù. Bákan náà, ìwọ̀n 84 tí ẹ bá rí nínú ìwé Amẹ́ríkà, Fahrenheit ni, bíi 29 tiwa ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí oògùn, nítorí ibẹ̀ ni ìwé burúkú ti lè ṣe èèyàn ní ibi, kì í ṣe ẹja nìkan. Àìsàn kan wà tó máa ń bá discus jà, kòkòrò inú ìfun ló ń fà á: ẹja á kọ oúnjẹ, ara rẹ̀ á dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà mìíràn ihò á yọ sí orí rẹ̀. Oògùn tí àwọn ìwé ń dárúkọ fún un ni metronidazole. Òun kan náà ni Flagyl tí ẹ̀yin náà mọ̀ nílé. Àwọn ìwé àtijọ́ tún fẹ́ràn malachite green, aró kan tó máa ń pa ẹbu ara ẹja. Kò sí ohun tó burú nínú kí ìwé ẹja ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sin discus nínú yàrá lè máa sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé fún ọjà. Oògùn méjèèjì yìí ni wọ́n fòfin dè lára ẹja tí èèyàn ń jẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n lè fa jẹjẹrẹ. Ìwé tó dára á sọ ọ́ gbangba pé ti ẹja ẹ̀ṣọ́ nìkan ni. Bí ìwé yín kò bá sọ ọ́, èmi ti sọ ọ́: kì í ṣe fún pọ́ńdù ẹja ọjà, bí ẹja ibẹ̀ tilẹ̀ ń kú lójú yín.

Oúnjẹ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn màlúù ni àwọn àgbà olùsìn discus máa ń lọ̀, wọ́n á gé ọ̀rá àti iṣan rẹ̀ kúrò, wọ́n á pò ó mọ́ ẹja tàbí edé àti ewébẹ̀. Àwọn kan ní ẹran màlúù kò yẹ ẹja. Ẹ ka tọ̀tún-tòsì, kí ẹ wá lọ bá alápatà yín.

Ta ló kọ ìwé náà, kí ló sì ń tà? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ìwé lórí discus ló ń ta discus. Èyí kò ba ìwé jẹ́. Alágbo tó bá sọ fún yín pé àgbo òun kò wo ibà, pé jẹ̀díjẹ̀dí nìkan ló ń wò, òun ni ẹ ó padà lọ bá; èyí tó ní tirẹ̀ ń wo gbogbo àìsàn, ẹ ó rìn kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wá ojú ewé tí òǹkọ̀wé ti jẹ́wọ́ ẹja tó kú sí i lọ́wọ́ àti ìdí tó fi kú. Kí ẹ sì wò ó bóyá ó sọ fún yín pé àwọn kan ń fún ọmọ ẹja ní oògùn hòmóònù kí àwọ̀ rẹ̀ lè tètè yọ, àti pé àwọ̀ yẹn á ṣá lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó tán. Ìwé tó kún fún àwòrán ẹja tó pọ́n, tó búlúù, tí kò sì sọ gbólóhùn kan lórí èyí, ìwé ìpolówó ọjà ni.

Nínú àwọn tó dájú, Jack Wattley ará Amẹ́ríkà wà ní iwájú. Handbook of Discus rẹ̀ jáde ní 1985, Discus for the Perfectionist tẹ̀ lé e ní 1991. Òun ló sọ ọ̀nà kan di mímọ̀ tí èèyàn fi lè fa ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí, kí a sì fi ẹyin adìyẹ tí a pò bọ́ wọn láti ara abọ́; ó tún sọ ìyà inú rẹ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Eduard Schmidt-Focke jẹ́ dókítà ìṣègùn ní Jámánì, ìwé rẹ̀ tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1990, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwé aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó rí ló sọ. Dieter Untergasser kọ Handbook of Fish Diseases, 1989, èyí tí kì í ṣe ti discus nìkan. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹja láti ìta kí a tó ronú oògùn. Heiko Bleher wá gbé iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ jáde ní 2006, Bleher's Discus, ìdìpọ̀ kìíní, ó lé ní 600 ojú ewé. Ọmọdé ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wọ igbó Amazon, ó sì ti padà síbẹ̀ láìlóǹkà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ odò tí ẹja kọ̀ọ̀kan ti wá, kò sí ìwé tó jù ú lọ. Àmọ́ ìwé ilé ẹja ni, kì í ṣe ìwé àpótí gíláàsì.

Ẹ óò rí i pé àwọn ìwé wọ̀nyí kò ní Pigeon Blood púpọ̀ nínú, tàbí kí wọ́n má ní in rárá. Ẹja aláwọ̀ pupa òun funfun yẹn, Thailand ni wọ́n ti mú un jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kò sí ìyàtọ̀: omi kan náà ló ń gbé.

Owó ìwé, dọ́là ni. Òṣómàáló inú ara Ìjẹ̀ṣà á ti máa ṣírò rẹ̀ nísinsìnyí. Ìwé Wattley àti ti Schmidt-Focke ti pẹ́, èyí tí wọ́n ti kà rí kò wọ́n tó tuntun. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham tàbí ní Houston lè ní kó bá òun wá a, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ nílé fún Kérésì. Kí ẹ tún wá Field Guide to Nigerian Freshwater Fishes tí Olaosebikan àti Raji kọ ní 1998 ní ilé ẹ̀kọ́ ẹja New Bussa. Kò sí discus nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan discus tó wà nínú odò tiwa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi epìyà odò tàbí Pelvicachromis kọ́ iṣẹ́ omi fún ọdún kan kò ní pàdánù owó discus. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀ka ẹja pípa ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwé kékeré kan fún wa ní Yorùbá lórí omi òjò, ọyẹ́ àti iná tó ń lọ. A óò rà á.

Títí ìyẹn yóò fi jáde, bó bá jẹ́ owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, ẹ ra ti Wattley tó jáde ní 1985. Bí owó ìwé kejì bá yọ, ẹ fi ra ti Untergasser. Ẹ fi ti Bleher sílẹ̀ di ìgbà tí discus yín bá ti yé ẹyin.